Wọ́n Mọ Ewu Wọn: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun Kan, Láti Èkó Dé Seattle

Aago Èkó ni mo fi ń ka ọjọ́ yìí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2015. Nígbà òtútù, aago Èkó àti aago Paris kì í yàtọ̀ síra. London fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa, Montréal fi mẹ́fà, Seattle fi mẹ́sàn-án. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ní Seattle, oníṣègùn méjì ti dìde níwájú àwọn akẹgbẹ́ wọn láti gbogbo ayé, wọ́n ti sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin fi ara wọn wádìí fún wa nípa HIV. Láti ìgbà tí àrùn éèdì ti dé ni aráyé ti ń wí pé aláìbìkítà ni àwọn ọkùnrin wọ̀nyí. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti tán lẹ́nu wọn.

N kò ní dárúkọ ọkùnrin kankan nínú àwọn tó kópa. Ohun tí ẹ máa bá wọn tí wọ́n ń ṣe níhìn-ín, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe ni.

Aago méjìlá òru

Ní Paris, ẹni tó bá wà nínú ìwádìí ìdènà HIV tí wọ́n ń pè ní IPERGAY ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka wákàtí. Ìlànà tí wọ́n fún un kò le láti há sórí: kí ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì Truvada méjì mì pẹ̀lú oúnjẹ, ó pẹ́ tán kí ó ku wákàtí méjì tí yóò bá ẹnikẹ́ni sùn, kó má sì ju wákàtí 24 ṣáájú lọ. Bí wákàtí 24 bá pé lẹ́yìn méjì àkọ́kọ́ yẹn, kí ó gbé ẹyọ kan mì. Bí wákàtí 24 mìíràn bá tún pé, kí ó gbé ẹyọ kan sí i. Oògùn aláwọ̀ búlúù yìí ní èròjà méjì nínú, tenofovir àti emtricitabine, tí wọ́n ti ń fi tọ́jú àwọn tó ní HIV lára tipẹ́. Bí ó bá ti wà nínú ẹran ara kí kòkòrò náà tó dé, kòkòrò náà kò ní ráyè bí sí i.

Jean-Michel Molina, dókítà ní ilé ìwòsàn Saint-Louis ní Paris, ló darí ìwádìí náà. Ohun tó ń dà á láàmú ti wà nílẹ̀ láti ọdún 2010. Lọ́dún náà ni ìwádìí kan tí wọ́n pè ní iPrEx, tó gba ènìyàn 2,499 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Brazil wà lára wọn, fi hàn pé gbígbé oògùn yìí mì lójoojúmọ́ dín kíkó HIV kù ní ìdá 44 nínú 100. Ìdí tí kò fi ju bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ọ̀pọ̀ kò gbé e mì lójoojúmọ́. Àwọn tí wọ́n bá oògùn nínú ẹ̀jẹ̀ wọn rí ààbò tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Láti ìgbà náà ni àwọn alátakò ti ń wí pé, ẹ wò ó, àwọn ọkùnrin yìí kò lè tẹ̀ lé ìlànà. Molina gba ojú mìíràn wò ó. Ó bi ara rẹ̀ pé: ẹni tí kì í bá ẹnikẹ́ni sùn láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, kí ló fẹ́ fi oògùn ojoojúmọ́ ṣe? Ṣé kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Ọjọ́ Ẹtì ń bọ̀?

Ó mọ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì 15 lóṣù ni ẹni tó wà ní àárín gbùngbùn wọn ń lò, ìdajì ohun tí ẹni tó ń gbé e mì lójoojúmọ́ máa lò. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè nípa ìgbà tí wọ́n bá ènìyàn sùn gbẹ̀yìn, ìdá 43 nínú 100 ti lò ó bó ṣe yẹ, ìdá 29 lò ó ṣùgbọ́n kò lò ó pé, ìdá 28 kò lò ó rárá. Àwọn kan á ka èyí sí àìgbọràn. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi kọ́ńdọ̀mù sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tàbí tó sùn pẹ̀lú ẹni tó mọ ìtàn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, ìṣirò tirẹ̀ ló ṣe. Ìṣirò náà lè tọ̀nà, ó lè má tọ̀nà. Àmọ́ ó ṣírò.

Aago mẹ́fà òwúrọ̀

Ilẹ̀ mọ́ ní Èkó. Ìwé ìpolongo ìbò ni wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri, Jonathan àti Buhari, Ambode àti Agbaje. Ọjọ́ 14 oṣù náà ló yẹ kí ìbò ààrẹ ti wáyé, àmọ́ àjọ elétò ìdìbò, INEC, ti sún un sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹta. Jonathan, ààrẹ tí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri yẹn, ló fọwọ́ sí òfin tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀, ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2014. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 wà fún ìgbéyàwó. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 wà fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún wọn, tàbí tó bá wà nínú ẹgbẹ́ náà, tàbí tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ààrẹ kan náà ló tún fọwọ́ sí òfin ọdún 2014 tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìyà jẹ ẹni tó ní HIV níbi iṣẹ́ tàbí níbòmíràn. Òfin kejì yìí dára. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ní òwúrọ̀ yìí, òfin àkọ́kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó ń gbé ní Mushin kò ní ṣe àyẹ̀wò ní Mushin. Yóò wọ danfo lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ìyá rẹ̀. Owó ọkọ̀ àti ìdajì ọjọ́ iṣẹ́, iye tó ń ná láti mọ ipò ara rẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ rárá.

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí wọ́n máa ń bi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, bó bá jókòó tán.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bọ̀dá. Ṣé ẹ ti gbéyàwó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé ẹ ní obìnrin míì níta?"

"Rárá, mà."

"Rọ́bà ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń lò ó?"

"Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mà."

Kò parọ́ kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nọ́ọ̀sì náà kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, ó kà á mọ́ àwọn tí ewu wọn kò pọ̀, ó sì fún un ní ìmọ̀ràn nípa ìyàwó rẹ̀. Ìmọ̀ràn náà dára fún ẹlòmíràn. Ohun tí ọkùnrin yìí nílò láti gbọ́ kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà.

Ohun náà nìyí. Bí ẹni tí kò ní HIV bá bá ẹni tó ní in lò pọ̀ láìsí ààbò kankan, tí ẹni tó ní in kò sì lo oògùn, ewu ìgbà kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ gidigidi sí ara wọn. Obìnrin tí ọkùnrin bá lò pọ̀ lójú ara, ìṣirò àwọn onímọ̀ ìlera ni pé nínú ìgbà 10,000, nǹkan bí 8 ni kòkòrò náà máa kọjá. Ọkùnrin tí wọ́n bá gba ihò ìdí wọlé sí lára, nǹkan bí 138. Ọkùnrin tó ń wọlé, 11. Awọ inú ìdí fẹ́lẹ́, ó máa ń tètè bó, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò náà ń wá sì pọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, fún ọdún pípẹ́, ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni pátákó ìpolongo éèdì ń fi hàn ní ilẹ̀ wa, lẹ́bàá títì àti nínú ilé ìwòsàn. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń wo pátákó náà ń rí i pé obìnrin ni ewu ti ń wá. Àwọn kan gbà á gbọ́ tọkàntọkàn pé ọ̀dọ̀ ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ wọn ni ìsinmi wà. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ohun tí a kọ́ wọn ni wọ́n mọ̀.

Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ń ṣe lórí àwọn ẹgbẹ́ tí HIV ti wọ́pọ̀ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ní ọdún 2007, ìdá 13.5 nínú 100 àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní kòkòrò náà. Ní 2010, ó di 17.2. Ní 2014, 22.9. Láàárín ọdún méje yẹn, iye yìí ń gòkè bí a ṣe ń ṣòfin.

Ní Abuja, àwọn olùwádìí ti ń bá irú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí sọ̀rọ̀ látìgbà tí òfin náà kò tíì jáde, nítorí náà wọ́n lè fi ṣáájú wé ẹ̀yìn. Kí òfin tó dé, nígbà tí àwọn ọkùnrin náà bá wá fún ìbéèrè, nǹkan bí ìdá 25 nínú 100 ló ń sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn láti wá ìtọ́jú. Lẹ́yìn òfin, ó di 38. Ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet HIV ló gbé e jáde lọ́dún 2015 yìí kan náà. Àwọn ọkùnrin yìí kò gbàgbé pé HIV wà. Ewu kejì ló yọjú, wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó sì tẹ̀wọ̀n ju ti àkọ́kọ́. Kòkòrò HIV lè lo ọdún mẹ́wàá nínú ara kó tó dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Ọlọ́pàá lè dé ní ìrọ̀lẹ́ òní.

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀

Aago mẹ́wàá ni ní London. Ní Soho, ilé ìwòsàn 56 Dean Street wà lára ilé ìwòsàn 13 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìwádìí PROUD ti wáyé. Ọkùnrin 544 ni wọ́n gbà wọlé láti ìparí ọdún 2012 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2014. Wọ́n pín wọn sí méjì bí ẹní ṣẹ́ gègé: ìdajì gba Truvada lọ́jọ́ náà gan-an, ìdajì yòókù yóò dúró fún ọdún kan. Kò sí oògùn ìtànjẹ. Olúkúlùkù mọ ohun tó ń gbé mì tàbí tí kò gbé mì. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ mọ bí ọkùnrin ṣe ń hùwà nígbà tó mọ̀ pé ààbò wà lára òun. Ìbẹ̀rù tó gbilẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti mọ̀, gbogbo wọn á ju kọ́ńdọ̀mù sínú igbó.

Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́nà tí àbájáde lè fi hàn. Nígbà tí ìwádìí parí, àwọn àrùn ìbálòpọ̀ yòókù, àtọ̀sí àti rẹ́kórẹ́kó àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kò pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó gba oògùn ju ti àwọn tó ń dúró lọ.

Kí PrEP, ìyẹn lílo oògùn yìí ṣáájú láti dènà HIV, tó dé, àwọn ọkùnrin náà kò jókòó lásán. Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀, nítorí ibí ni aráyé kì í wò. Láti àárín àwọn ọdún 1980 sí 1989 ni wọ́n ti ń ṣe òfin fún ara wọn. Òmíràn á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá pàdé pé ìgbà wo lo ṣe àyẹ̀wò gbẹ̀yìn, yóò sì yan ẹni tí èsì tirẹ̀ bá tirẹ̀ mu. Òmíràn mọ̀ pé ẹni tó ń wọlé ni ewu rẹ̀ kéré, ipò yẹn ni yóò sì dúró sí pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀ dáadáa. Ní Australia, Susan Kippax àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1993 pé àwọn olólùfẹ́ kan ti ní àdéhùn tiwọn: àwọn méjèèjì á ṣe àyẹ̀wò, wọ́n á dúró, wọ́n á tún un ṣe, lẹ́yìn náà wọn kò ní lo kọ́ńdọ̀mù láàárín ara wọn mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ṣe láìlò ó níta. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀, yóò jẹ́wọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ bí àwọn méjèèjì bá lè bára wọn sọ òótọ́.

Àwọn òfin wọ̀nyí ní ibi tí wọ́n ti ń jò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kòkòrò náà lè ṣe àyẹ̀wò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ kí èsì má fi hàn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kòkòrò náà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ń sọ òótọ́ tó mọ̀, ó sì ń fi kóni. Ìfẹ́ tún wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń lo kọ́ńdọ̀mù fún àlejò, wọn a sì bọ́ ọ sílẹ̀ fún olólùfẹ́. Ní ọdún 2009, Patrick Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀ ní ìlú márùn-ún ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá 68 nínú 100 HIV tuntun láàárín àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ló ti ọwọ́ olólùfẹ́ wọn gan-an wá. Àlejò alẹ́ kan tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù kò tó bẹ́ẹ̀. Mo rò pé èyí yẹ kó ba gbogbo wa nínú jẹ́, torí kò sí ẹni tí kì í dẹwọ́ ìṣọ́ra nílé ara rẹ̀.

Láàárín ọdún tí ìdajì àwọn ọkùnrin PROUD fi ń dúró de oògùn, ìgbà 174 ni wọ́n kọ PEP fún wọn. PEP ni oògùn pàjáwìrì tí ènìyàn máa bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó kọjá lẹ́yìn tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, tí yóò sì lò fún ọjọ́ 28. Ìgbà 174! Ẹni tí kò bìkítà kì í sáré lọ bá dókítà ní ọjọ́ kejì kó wá sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún un lójúkojú.

Aago kan ọ̀sán

Ní Èkó, kọ́ńdọ̀mù kò ṣòroó rà. Kẹ́míìsì wà káàkiri. Ohun tó ṣòroó rà ni jẹ́lì olómi tó ń yọ̀, tó yẹ kó bá a rìn, ìdí sì nílò rẹ̀ ju ojú ara obìnrin lọ, torí ìdí kì í sun omi ara. Ẹni tí kò bá rí i á fa Vaseline tàbí ìpara yọ. Ọ̀rá inú wọn máa ń jẹ rọ́bà kọ́ńdọ̀mù, kó tó ìṣẹ́jú mélòó kan ó ti rọ̀, ó ti ya. Ọkùnrin náà dáàbò bo ara rẹ̀ lójú ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un.

Bó bá tún rí méjèèjì rà, inú àpò rẹ̀ ni wọ́n máa wà nígbà tí ọlọ́pàá bá dá mọ́tò dúró. Àwọn ọlọ́pàá ní Nàìjíríà ti mú kọ́ńdọ̀mù àti jẹ́lì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí láti fi mú ènìyàn. Ohun tí ilé iṣẹ́ ìlera ń pín, ilé iṣẹ́ mìíràn lábẹ́ ìjọba kan náà ń fi sọ ènìyàn sí àhámọ́.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Seattle. Ní Amẹ́ríkà, FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn níbẹ̀, ti gba Truvada wọlé fún ìdènà láti oṣù Keje 2012, iye rẹ̀ nígbà náà sì lé ní 1,000 dọ́là lóṣù. Ìpínlẹ̀ Washington, tí Seattle wà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ran àwọn tí owó kò tó lọ́wọ́ láti rà á ní 2014.

Aago méje alẹ́

Òwúrọ̀ ni níbẹ̀. Gbọ̀ngàn ìpàdé Washington State Convention Center ti kún. CROI ni wọ́n ń pe ìpàdé náà, ọdọọdún ni àwọn onímọ̀ HIV ń ṣe é.

Sheena McCormack, tó darí PROUD láti London, sọ̀rọ̀. Nínú àwọn tó gba oògùn lọ́jọ́ kìíní, ẹni mẹ́ta péré ló kó HIV. Nínú àwọn tó ń dúró, iye tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet tẹ̀ jáde lẹ́yìn náà jẹ́ 20. Oògùn náà ti dín in kù ní ìdá 86 nínú 100. Bí ọkùnrin 13 irú wọn bá lò ó fún ọdún kan, ẹnì kan nínú wọn ló máa bọ́ lọ́wọ́ HIV tí ì bá kó.

Molina tẹ̀ lé e. Ènìyàn 400, ibùdó mẹ́fà ní Faransé pẹ̀lú Montréal. Nínú àwọn tó ń lo ojúlówó oògùn, méjì kó kòkòrò náà. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, 14. Ìdá 86 nínú 100. Iye kan náà. Ìwádìí méjì, ìlànà méjì, wọ́n sì bára wọn mu géérégé. Àwọn méjì tó kó o lọ́wọ́ ojúlówó oògùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má lo oògùn wọn rárá: nínú tábúlẹ́ẹ̀tì 60 tí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan dá 60 padà, èkejì dá 58 padà.

Gbogbo ayé ló gbé 86 yìí sórí ìròyìn. Iye mìíràn ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Nínú àwọn tó ń dúró ní PROUD, bí a bá fi ọkùnrin 100 wò fún ọdún kan, 9 ni yóò kó HIV. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní oògùn lásán ní IPERGAY, ó lé ní 6. Ó ga gan-an ju ohun tí àwọn olùwádìí fúnra wọn fi ṣírò nígbà tí wọ́n ń múra sílẹ̀. Àwọn tó wá gan-an ni àwọn tí ewu wà lórí wọn. Kò sí ẹni tó fi ẹ̀rọ yàn wọ́n. Olúkúlùkù jókòó nílé rẹ̀, ó wo ìgbé ayé ara rẹ̀, ó ní èmi gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, ó sì dìde lọ. Wọ́n mọ ewu tó wà lórí wọn ju bí àwọn onímọ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ẹ rántí pé kọ́ńdọ̀mù wà fún wọn, ìmọ̀ràn wà, PEP 174 wà. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, 9 nínú 100. Ìmọ̀ kò tó. Ó ti wà lọ́wọ́ wọn látọjọ́ yìí. Irinṣẹ́ ni kò sí.

Àbájáde kan tún wà ní ìpàdé yẹn tí kò dùn mọ́ni. Helen Rees ròyìn FACTS 001 láti South Africa, níbi tí wọ́n ti dán jẹ́lì tó ní tenofovir nínú wò láàárín obìnrin 2,059, pé kí wọ́n lò ó kí wọ́n tó bá ènìyàn sùn àti lẹ́yìn rẹ̀. Jẹ́lì náà kò dáàbò bò wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tó ń gbé nílé òbí, kò sì rọrùn fún wọn láti lò ó ní gbogbo ìgbà tó yẹ. Ẹni tí kò ní ibi tó lè fi nǹkan rẹ̀ pamọ́ sí, tí kò ní yàrá tirẹ̀, kí ni kó fi ọgbọ́n rẹ̀ ṣe? Ọ̀rọ̀ obìnrin ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkùnrin ní Mushin àti Agége máa mọ̀ ọ́n lára.

Lẹ́yìn kọ́ńdọ̀mù àti PrEP, ọ̀nà ìdènà kẹta sì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ìpàdé CROI kan náà lọ́dún tó ṣáájú, Alison Rodger ti sọ fún wọn nípa ìwádìí PARTNER, pé nínú àwọn tọkọtaya àti olólùfẹ́ tí ẹnì kan ní HIV, tí oògùn sì ti tẹ kòkòrò náà mọ́lẹ̀ débi pé àyẹ̀wò kò rí i mọ́, kò tíì sí ẹyọ kan tó kó o látọ̀dọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde apá kejì rẹ̀ jáde ní 2019, wọ́n ti ka àwọn olólùfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin 782, wọ́n ti ka ìgbà tó lé ní 76,000 tí wọ́n sùn láìlo kọ́ńdọ̀mù, òdo ṣì ni.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́

Ìròyìn náà ti dé London kí wọ́n tó sùn. Kì í ṣe pé oògùn dé pẹ̀lú rẹ̀. Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í san owó rẹ̀ fún ará ìlú ní oṣù Kìíní 2016. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi falẹ̀. NHS England, àjọ ìlera ìjọba níbẹ̀, ní òfin kò fún àwọn lágbára láti rà á. Ẹgbẹ́ National AIDS Trust gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́, adájọ́ sì dá ẹgbẹ́ náà láre ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ 2016. Ọdún 2020 ni oògùn náà tó di ohun tí ilé ìwòsàn ń fúnni bí wọ́n ṣe ń fúnni ní oògùn yòókù. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn ọkùnrin kan ń fi owó ara wọn ra irú rẹ̀ tí kò wọ́n láti òkè òkun.

Ní Èkó, ẹni tó ní dátà lórí fóònù lè ka ìròyìn náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà. Láti oṣù Keje 2014 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti dámọ̀ràn PrEP fún àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀. Kò tíì dé ilé ìwòsàn ìjọba fún un. Ó kà á, ó sì pa fóònù.

Aago mẹ́wàá alẹ́

Ó tún tan fóònù náà, torí ó fẹ́ pàdé ẹnì kan. Ohun àkọ́kọ́ tó ń wá kì í ṣe èsì àyẹ̀wò. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kito ni. Kito ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe bí ọ̀rẹ́, tó máa pe ọ́ wá sílé, kí o tó jókòó àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin ti já wọlé, wọ́n á nà ọ́, wọ́n á gba fóònù àti owó, wọ́n á ní àwọn á fi fídíò rẹ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. Nítorí náà ó béèrè ta ni wọ́n jọ mọ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ pàdé ní gbangba. Ó fi àdírẹ́sì sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ kan, pé bí òun kò bá pe kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó wá òun. Òfin tó ṣe fún ara rẹ̀ nípa kito pọ̀, ó sì pé pérépéré.

Nígbà tó bá fi máa dá a lójú pé ẹni yìí kì í ṣe kito, ìtura tó bá a pọ̀ débi pé ó nira láti tún wá béèrè nípa àyẹ̀wò. Ẹni tí kò fi ọ́ fún ọlọ́pàá, ó ti jọ ẹni tó ṣeé fọkàn tán lórí gbogbo nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ni ewu kan ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn fún èkejì, ọkùnrin náà kò sì ṣe ohun tó lòdì sí làákàyè.

Aago mọ́kànlá alẹ́

Bí kọ́ńdọ̀mù bá ya ní wákàtí yìí, aago PEP ti bẹ̀rẹ̀. Wákàtí 72 ló ní, ìyẹn títí di aago mọ́kànlá alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ sí ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, nítorí náà òwúrọ̀ Ọjọ́rú ló yẹ kó lọ. Yóò tún wọ danfo lọ sí ibi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì yóò bi í pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ta ni. Bí ó bá sọ pé obìnrin ni, wọ́n lè ní kí ó lọ mú un wá fún àyẹ̀wò. Bí ó bá sọ òótọ́, òfin ọdún 10 àti ọdún 14 wà nínú yàrá náà pẹ̀lú wọn. Ó ní títí di aago mẹ́jọ òwúrọ̀, nígbà tí ilé ìwòsàn bá ṣí, láti pinnu ohun tí yóò sọ.